Rọ́bà Abẹ́ Bọ́dì: Bí Wọ́n Ṣe Gbé Land Cruiser Àtijọ́ Kan Dìde ní Ìbàdàn

Bọ́ńpà iwájú Land Cruiser náà tẹ́jú dáadáa, ṣùgbọ́n bọ́dì tó wà lókè rẹ̀ ti dà sápá òsì. Lápá ọ̀tún, ìka ọwọ́ mi méjì wọ àlàfo tó wà láàárín bọ́ńpà àti bọ́dì láìfara kan nǹkan kan. Lápá òsì, ìka kan ṣoṣo ni mo fi tipátipá kì bọ̀ ọ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní kí n fi ti táyà sílẹ̀, kí n má sì wo sípíríǹgì. "Bọ́ńpà ni kẹ́ ẹ wò," ó ní. "Ara ṣásì ló wà, kò kúrò níbi tó wà. Bọ́dì ló wọlẹ̀ wá bá a."

Ìbàdàn la wà, ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní agbègbè Ìwó Road. Ẹni tó ni ọkọ̀ jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, jíípù yìí ló sì ń gbé lọ sóko kòkó rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ráhùn pé bí òun bá ti já sí kòtò, òun á gbọ́ "gbì" lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, àti pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣeé tì mọ́ àfi béèyàn bá jù ú mọ́ra. Wọ́n ti bá a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbòmíì. Wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì, wọ́n pààrọ̀ síítì ẹ́ńjìnnì, ìró ọ̀hún ò lọ. Owó tó ti ná sórí gbogbo ìyẹn ju owó rọ́bà tí wọ́n wá pààrọ̀ níṣojú mi lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ rọ́bà náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gun jíípù àtijọ́ fetí sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Rọ́bà tó gbé bọ́dì ró kì í ṣe ohun tí à ń wò nígbà tí a bá ra ọkọ̀, kì í sì í sí nínú ohun tí à ń pààrọ̀ lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí a bá sì rántí rẹ̀, ẹyọ kan la máa ń fẹ́ pààrọ̀, tàbí ká gé táyà sí i. Ohun tí mo rí lábẹ́ Land Cruiser yìí jẹ́ kó dá mi lójú pé odindi ni kéèyàn pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú irin tó wà nínú wọn, tàbí kó má fọwọ́ kàn wọ́n rárá títí owó yóò fi pé.

Jíípù irú èyí kì í ṣe odindi kan, ọ̀nà méjì ló pín sí. Ṣásì wà nísàlẹ̀, irin gígùn méjì tó nípọn tí wọ́n fi irin ìdábùú so pọ̀. Ẹ́ńjìnnì, gíà, sípíríǹgì, irin tó gbé táyà, táńkì epo, orí ṣásì ni gbogbo wọn jókòó sí. Bọ́dì wà lókè, òun ló ní ìjókòó, ilẹ̀kùn, gíláàsì àti òrùlé. Wọn kì í gbé irin lé irin lásán. Rọ́bà ni wọ́n ń fi sáàárín, bí alárù ṣe ń fi òṣùká sórí kó tó gbé ẹrù. Ìdí kọ̀ọ̀kan tí bọ́dì ti jókòó lé ṣásì sì ní rọ́bà méjì. Èyí tó nípọn wà láàárín ṣásì àti bọ́dì, òun ló ń ru ẹrù. Èyí tó fẹ́lẹ́ wà lábẹ́ irin ṣásì, òun ni kì í jẹ́ kí bọ́dì fò sókè nígbà tí ọkọ̀ bá já sí gálọ́ọ̀pù. Ọ̀pá irin oníhò kúkúrú kan gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, bọ́ọ̀tì gba inú ọ̀pá náà, wáṣà pẹlẹbẹ sì wà lókè àti nísàlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ jíípù, irú ìdí bẹ́ẹ̀ máa ń tó mẹ́jọ sí méjìlá.

Ọdún 1951 ni Toyota kọ́kọ́ ṣe jíípù tí wọ́n pè ní BJ, ọdún 1954 ló sì gba orúkọ Land Cruiser. Èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní 80, tó jáde ní 1990. Láti ìgbà BJ títí di 80, bọ́dì lórí ṣásì ni wọ́n ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hilux, Prado, 4Runner, Nissan Patrol àti Lexus GX 470 tó pọ̀ nígboro wa. Corolla, RAV4, Highlander àti Honda CR-V kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́dì tiwọn fúnra rẹ̀ ni ṣásì wọn. Pajero tó jáde láti 1999 ti kúrò nínú ẹlẹ́ṣásì, Pathfinder sì wà lórí ṣásì láti 1985 títí di 1995, kí wọ́n tó yí i padà fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Nítorí náà, bí Highlander ni ẹ ní, kí ẹnikẹ́ni má gba owó rọ́bà bọ́dì lọ́wọ́ yín.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a lọ sọ́jà Ararọ̀mí ní Agodi Gate. Ẹni tó ń tajà kó oríṣi mẹ́ta síwájú wa. Àkọ́kọ́ jẹ́ rọ́bà tuntun nínú páálí, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára. Ìkejì jẹ́ Bẹ́líjíọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ìkẹta pupa, ó le, ó ń dán, wọ́n ní poliyurétéènì ni. Alàgbà tó ni ọkọ̀ mú Bẹ́líjíọ́ọ̀mù nítorí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì ya etí rọ́bà náà sí méjì. Lókè, dúdú ló rí, ó ń dán, ó dà bíi pé kò sóhun tó ṣe é. Nínú ibi tó yà, ojú sísán wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, tó jinlẹ̀ wọnú, eruku funfun sì wà nínú wọn.

"Dádì," ó ní, "rọ́bà tó ti lo ogún ọdún lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì, ṣé ẹ fẹ́ fowó rà á kó wá kú sábẹ́ tiyín?"

Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó dá a padà.

Ọ̀rọ̀ ogún ọdún yẹn kì í ṣe àsọdùn. Rọ́bà ń gbó bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ lò ó. Ní 1839, Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá se rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́, kò ní máa yọ́ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní máa gan nínú òtútù. Imí-ọjọ́ ń so àwọn okùn tín-tìn-tín inú rọ́bà pọ̀ mọ́ra, ìyẹn ló ń jẹ́ kó fà kó sì padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru ń mú kí ìsopọ̀ yẹn pọ̀ sí i lọ́dọọdún títí rọ́bà yóò fi le koránkorán. Ósóònù tó wà nínú afẹ́fẹ́ ń gé e lójú ibi tó bá ti fà jù, ibẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì ní tirẹ̀ ń mú kó wú, kó rọ̀, kó wá fọ́. Rọ́bà abẹ́ jíípù rí gbogbo rẹ̀: ooru ẹ́sọ́ọ̀sì, eruku, omi, ọ́ìlì tó ń jò, àti ìwọ̀n bọ́dì tí kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ó dùn mí pé láti òkè òkun ni rọ́bà tí a rà lọ́jọ́ náà ti wá. Igi rọ́bà ń hù dáadáa nílẹ̀ wa, ilé ìwádìí ìjọba lórí rọ́bà wà ní Iyanomo lẹ́bàá Benin láti 1961, síbẹ̀ rọ́bà tí kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ, a ń dúró kí ọkọ̀ ojú omi gbé e wá fún wa. Ó yẹ kí èyí máa ká àwọn tó ń ṣe ìlànà ilé iṣẹ́ lára.

Mo béèrè nípa poliyurétéènì pupa náà, nítorí ó wù mí lójú. Otto Bayer àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Jámánì ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní 1937. Ọ́ìlì kì í tètè bà á jẹ́, ósóònù kì í tètè gé e, ó sì lè pẹ́ ju rọ́bà lọ. Àwọn tó ń fi jíípù sá eré ìje nínú aṣálẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó le. Gbogbo gbígbọ̀n tó bá ti ilẹ̀ wá, yóò gbé e fún bọ́dì, bí kò bá sì ní gíríìsì sílíkónì lára, yóò máa dún kín-ín-kín-ín. Ọ̀gá ní ọkọ̀ tí àgbàlagbà ń gbé gba ọ̀nà oko kò nílò ohun tó máa gbọn egungun rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Rọ́bà tuntun ni wọ́n rà, odindi, pẹ̀lú ọ̀pá irin, wáṣà àti bọ́ọ̀tì tuntun.

Ọ̀gá ò jẹ́ kí wọ́n gbé jáàkì wá títí tó fi bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan léèrè lójú wa.

"Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀tì, kí ló tún so bọ́dì mọ́ ṣásì?"

"Sítíárìn, sà."

"Kí ló tún kù?"

"Hóòsì ràdíétọ̀. Páìpù tí à ń da epo sí. Wáyà bíréèkì ọwọ́."

"Àti?"

Ọmọ náà dákẹ́. Ó yí ọkọ̀ ká, ó tẹ̀ wò. "Wáyà áàtì, sà. Àti ọ̀pá gíà."

"Ó kù kan."

"Páìpù bíréèkì."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà ìkọ́ni yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́. Ẹni tó bá gbé bọ́dì sókè láìtú ohun tó yẹ kó tú, á já wáyà, á ya hóòsì, á sì fa páìpù bíréèkì debi tí yóò fi sán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ọjọ́ tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lórí òkè ni yóò mọ̀. Wọ́n tú bátìrì kúrò. Wọ́n tú ìsopọ̀ sítíárìn, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí i kí wọ́n lè dá a padà síbi tó wà gẹ́lẹ́. Wọ́n dẹ okùn àwọn páìpù tó lè fà, wọ́n sì fi igi dá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. Orí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú ni wọ́n ti ṣe é. Lórí ilẹ̀ lásán, jáàkì lè rì.

Láti ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń fún WD-40 sí orí àwọn bọ́ọ̀tì. Wọ́n ń fún un láàárọ̀, wọ́n ń fún un nírọ̀lẹ́, wọn ò sì fi sípánà kàn án. Ìkánjú ló máa ń já bọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ọ̀gá sì ní bí orí rẹ̀ bá já dànù, iṣẹ́ wákàtí kan á di ti ọjọ́ kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ léraléra.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti rí orí bọ́ọ̀tì àárín. Wọ́n tú ìjókòó, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ pupa oko sì tú jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ti gan mọ́ irin. Ọmọ iṣẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó yọ ìdérí rọ́bà kékeré kúrò lójú ihò, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Bọ́ọ̀tì náà wà nínú omi. Òjò tó ń gba ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn wọlé ló kó síbẹ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde.

Apá òsì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dẹ gbogbo bọ́ọ̀tì ọ̀tún díẹ̀, wọn ò yọ wọ́n, nítorí àwọn ni yóò di bọ́dì mú kó má yọ̀ kúrò lórí ṣásì bí wọ́n bá gbé òsì sókè. Bọ́ọ̀tì òsì tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà nítòsí táyà ẹ̀yìn kọ̀. Sípánà ń yí, bọ́ọ̀tì ń yí, ṣùgbọ́n kò jáde: nọ́ọ̀tì tí wọ́n jó mọ́ inú bọ́dì ti ya kúrò lára irin, ó ń bá bọ́ọ̀tì yí nínú àpótí irin tí ọwọ́ kò lè wọ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe panẹ́bítà tó wà ní kọ̀rọ̀ ọgbà. Kó tó fi ẹ̀rọ fílíǹgì kan irin, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé báàkẹ́ẹ̀tì iyanrìn méjì wá, kí wọ́n sì kó kápẹ́ẹ̀tì jìnnà. Pẹtiróòlù ni ọkọ̀ náà ń lò, ẹ́ńjìnnì onílítà 4.5, táńkì epo kò sì jìnnà síbẹ̀. Wọ́n ta aṣọ tútù bo ibi tí iná lè ta sí. Panẹ́bítà gé ojú fèrèsé kékeré sí ilẹ̀ ọkọ̀, kò ju kí ìka mẹ́ta wọ̀ lọ, ó fi sípánà di nọ́ọ̀tì mú látinú ibẹ̀, bọ́ọ̀tì sì jáde. Ó jó nọ́ọ̀tì tuntun síbẹ̀ lẹ́yìn náà, ó dí ojú fèrèsé padà, ó kùn ún. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti máa ń jó bọ́dì mọ́ ṣásì ní irú ipò yìí kí iṣẹ́ lè tètè parí. Ìwà ìkà ni. Ṣásì ń yí díẹ̀ lórí ọ̀nà búburú, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bọ́dì tí wọ́n jó mọ́ ọn yóò fà ya ní ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó.

Ìgbà tí wọ́n gbé jáàkì wá, pákó ìrókò gígùn kan ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, kí ẹrù lè pín sí etí bọ́dì gbogbo. Bí jáàkì bá kan irin pẹlẹbẹ bọ́dì ní tààrà, ihò ni yóò lù. Ọmọ iṣẹ́ kan wà nídìí jáàkì, òmíì wà níwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣọ́ fáànù àti hóòsì ràdíétọ̀. Fáànù wà lára ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì wà lórí ṣásì, ṣùgbọ́n ràdíétọ̀ àti ike tó yí fáànù ká wà lára bọ́dì. Bí bọ́dì bá gòkè jù tàbí tó wọlẹ̀ jù, fáànù á máa gé ike náà. Ọ̀gá fi ọwọ́ hàn mí: ojú ibi tí fáànù ti jẹ ike náà wà níbẹ̀, ó ti di mẹ́sẹ̀mẹ́sẹ̀. Ìdí tí mẹkáníìkì kan fi sọ fún alàgbà ní ọdún tó kọjá pé fáànù rẹ̀ ti wọ́ nìyẹn.

"Díẹ̀díẹ̀," ọ̀gá ń wí. "Díẹ̀ sí i. Ó tó."

Bọ́dì gòkè ní nǹkan bí ínṣì méjì. Kò sẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ àfi ìgbà tí wọ́n ti igi sí àárín bọ́dì àti ṣásì níbi méjì. Bí jáàkì bá yọ̀, igi ni yóò gba ẹrù, kì í ṣe ìka ọmọ ọlọ́mọ.

Rọ́bà iwájú lápá òsì kò jáde ní odindi. Wọ́n fi irin gbẹ́ ẹ jáde. Ó rọ̀ bẹ̀ǹtẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òórùn ọ́ìlì sì ń jáde lára rẹ̀. Àpótí sítíárìn ló ń jò sórí rẹ̀, fún ọdún tí ẹnikẹ́ni ò kà. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun lórí tábìlì. Kò ga tó ìdajì rẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ́dì ti wọlẹ̀, ibẹ̀ ni ìtẹ̀sí tí mo fi ìka wọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀ láti fi rọ́bà tuntun síbẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ ohun tó ń dí ọ́ìlì nínú àpótí sítíárìn. Alàgbà fẹ́ kó di ìgbà mìíràn. Ọ̀gá ní bó bá di ìgbà mìíràn, rọ́bà náà á tún di ìgbà mìíràn. Wọ́n ṣe é.

Ní ẹ̀yìn, ohun tí wọ́n bá yà mí lẹ́nu. Kì í ṣe rọ́bà tó bá ọkọ̀ wá. Táyà ni, tí ẹnì kan gé róbótó, mẹ́ta lórí ara wọn, tó fi wáyà dè wọ́n. Kò sí ọ̀pá irin láàárín wọn. Bọ́ọ̀tì tó gba inú wọn ti tín-ín-rín ní ìbàdí nítorí pé irin ìdí ṣásì ló ń rẹ́ ẹ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá mì. Mo gbé e lọ́wọ́, mo wo ibi tó tín-ín-rín náà. Bó bá ti tó ọdún kan sí i, yóò já.

Mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ṣe é. Ọjọ́ lè má dáa, owó lè má sí, mẹkáníìkì sì fẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ rí nǹkan gbé lọ sílé. Ṣùgbọ́n òwú àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú táyà, tí wọ́n hun kó lè di afẹ́fẹ́ mú kó má fà. Wọn ò ṣe é kó máa súnkì kó sì máa padà. Bí wọ́n bá gé e, omi á gba ojú gígé wọ inú irin rẹ̀, á dípẹtà. Èyí tó wà lókè á máa yọ̀ lórí èyí tó wà nísàlẹ̀. Àti pé láìsí ọ̀pá irin, kò sí ohun tó ń sọ fún ẹni tó ń dè é pé ó tó. Yóò dè é títí táyà yóò fi fún pọ̀ dénú, tàbí kó dè é dẹ̀ẹ̀. Ọ̀pá irin kúkúrú yẹn ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Bọ́ọ̀tì yóò dé orí rẹ̀, yóò dúró, rọ́bà yóò sì gba ìfúnpọ̀ tí àwọn tó ṣe é fẹ́ kó gbà, kò ní jù bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tó fi tuntun sí i, ọ̀gá mú òòlù kékeré, ó ń kan irin ìdí kọ̀ọ̀kan lára ṣásì. Èyí tó dáa ń dún gbajúgbajú. Ọ̀kan dún bòǹbò. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á, ìpẹtà bọ́ lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà. Nílẹ̀ òtútù tó ti wá, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn ló sì ń kó sábẹ́ ọkọ̀. A máa ń rò pé ọkọ̀ tó ti òkè òkun dé ti gba ọ̀nà tó dáa, nítorí náà ara rẹ̀ á le. Òótọ́ ni fún sípíríǹgì. Fún irin abẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ tó lo ogún ọdún ní Kánò lè dáa jù ú lọ. Wẹ́dà gé ibi tó ti jẹ kúrò, ó jó irin tuntun tó nípọn tó ti àtẹ̀yìnwá síbẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa tí ń dáàbò bo irin kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Fífi tuntun sí i kò gba àkókò púpọ̀. Rọ́bà nípọn lókè, ọ̀pá irin nínú rẹ̀, bọ́dì sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà fẹ́lẹ́ lábẹ́, wáṣà, bọ́ọ̀tì. Gíríìsì wà lára eyín bọ́ọ̀tì kí ẹni tó máa tú u lẹ́yìnwá ọ̀la má bàa sunkún, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi gíríìsì ọ̀hún kun rọ́bà kí ó lè tètè wọlé gba ìbáwí lójú ẹsẹ̀. Gíríìsì inú agolo, láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tí ọ́ìlì sítíárìn ṣe níwájú ni yóò ṣe. Omi ọṣẹ ni wọ́n lò.

Wọn ò de bọ́ọ̀tì kankan pa títí wọ́n fi ṣe apá ọ̀tún tán. Ọwọ́ ni wọ́n fi yí wọn wọlé. Wọ́n wá fi irin gígùn sún bọ́dì díẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀gá ń fi rúlà wọn àlàfo bọ́ńpà lápá méjèèjì, ó ń pàṣẹ, wọ́n ń sún un. Nígbà tó bá ara mu, wọ́n dè wọ́n kárí, díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan sí òmíì, sípánà olóǹkà ni wọ́n sì fi parí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé Toyota ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n so sítíárìn padà sójú àmì rẹ̀. Wáyà áàtì, páìpù, bátìrì, ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n bi léèrè láàárọ̀ ló ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó yí kọ́kọ́rọ́.

Ìgbà tí wọ́n gbìyànjú ilẹ̀kùn, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrètí alàgbà wálẹ̀ lójú mi. Ọ̀gá ní kó má bẹ̀rù. Panẹ́bítà ayé ìgbà kan ti sún ibi tí ilẹ̀kùn ń há sí kó lè bá bọ́dì tó ti wọlẹ̀ mu. Bọ́dì ti wá gòkè báyìí, ilẹ̀kùn ò sì tíì mọ̀. Wọ́n dẹ irin ìháhá náà, wọ́n sún un padà sí ojú àmì àtijọ́ tó wà lára ọ̀dà, ilẹ̀kùn sì wọlé pẹ̀lú ọwọ́ kan, "kọ́", láìjù ú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní láti gbọ́ ìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà rò pé wọ́n ti ba ọkọ̀ òun jẹ́.

A gbé e jáde. Alàgbà ló wà nídìí sítíárìn, ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wà lẹ́yìn. Ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà la wá lọ, ìyẹn tí kòtò wà níbẹ̀ dáadáa. Kòtò àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọ inú rẹ̀, ó jáde, mi ò gbọ́ "gbì" kankan. Ìkejì náà, bẹ́ẹ̀. Sítíárìn ò gbọ̀n mọ́, ọ̀pá gíà dúró sójú kan. Ìró kékeré kan ṣì wà lẹ́yìn, wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́rọ́. Rọ́bà tó gbé ẹ́sọ́ọ̀sì rọ̀ ló ti já, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Alàgbà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ń wá kòtò tó tóbi sí i kiri.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, kí wọ́n dá ọkọ̀ náà padà kí wọ́n fi sípánà olóǹkà kan bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, nítorí rọ́bà tuntun ń jókòó díẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa wò wọ́n lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa yọ ìdérí ihò ilẹ̀ ọkọ̀ kí omi má dúró síbẹ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra jíípù ẹlẹ́ṣásì tó ti lé lógún ọdún, ẹ mú mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán dání, kí ó wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí ó wo rọ́bà gbogbo, kí ó wo bóyá táyà gígé wà níbẹ̀, kí ó kan irin ìdí wọn lóòlù, kí ó wo bóyá wọ́n ti jó bọ́dì mọ́ ṣásì níbikíbi. Bí rọ́bà nìkan ló gbó, ẹ yọ owó odindi tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò gbà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un.